Àrokò Ẹ̀rọ Tó Dákú ní Wásinmi

Èmi tí ẹ mọ̀ sí akéwì, ìtàn kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé mi dé ìdí ẹ̀, kì í ṣe wáyà. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ Yorùbá wà níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Wásinmi ni ilé wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Orúkọ ìlú náà dùn lẹ́nu: wá, kí o sinmi. Ìsinmi náà ni mo bá lọ sílé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa ti ìlẹ̀kùn, mo sì ń bá àbúrò màmá mi jókòó ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó jẹ́ akápò fún. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Inú ẹ̀ ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, iye tí oníkálukú dá, àti gbèsè tí ó jẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pín owó ẹ̀yáwó ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá ti kún orí bẹ́ǹṣì. Ó ti kan Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, tó fẹ́ fi owó tiẹ̀ san owó ìgbàwọlé ọmọ rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà sì máa ti ọ̀nà pa. Àǹtí mi ń tẹ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni ètò náà bá pòórá. Fèrèsé dúdú kan ló kù lójú kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì funfun tò sínú rẹ̀ ní ìlà bíi mẹ́fà, àmì # sì wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Alága, ẹni tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, wọ gíláàsì, ó tẹ̀ síwájú, ó ka ìlà àkọ́kọ́ sínú. Ó wá bọ́ gíláàsì.

“Insufficient,” bàbá ní. “Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òun náà ni ẹ̀rọ POS máa ń kọ bí owó ò bá tó nínú àkáǹtì. Owó wa ò pé.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì dákẹ́. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ àǹtí mi.

Mo bọ́ síta bí akọni. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe owó. ‘Memory’ ló tẹ̀lé e. Ìrántí ni ò tó.”

“Ìrántí ta ni?”

“Ìrántí kọ̀ǹpútà, sà.”

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Ó ti gbàgbé owó wa nìyẹn!”

Ẹ wò mí o. Ọdún kẹta mi rèé nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo túmọ̀ tí kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, síbẹ̀ èmi gan-an ni mo da epo sí iná. Wọ́n ní kí àǹtí mi fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Obìnrin tó ti ń kówó ẹgbẹ́ pamọ́ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, kò wò mí lójú.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń sọ bí ó bá dákú? Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Ibi tí ìbéèrè yẹn gbé mi dé ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó dákú. Java ni wọ́n fi kọ ètò ẹgbẹ́ náà. Iléeṣẹ́ Sun ní Amẹ́ríkà ló gbé Java jáde ní 1995. Kó tó dìgbà náà, ètò tí wọ́n kọ fún irú kọ̀ǹpútà kan kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí irú mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣe. Àwọn ará Sun wá lo ọgbọ́n kan tó ti wà ṣáájú wọn: wọ́n ki ẹ̀rọ kan bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ inú yìí ò ní irin, kò ní bóòtù, èrò lásán ni wọ́n fi kọ́ ọ. Virtual machine ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní ògbufọ̀, nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an ló ń ṣe. Ẹ rántí Abẹ́òkúta láyé ìgbà tí Henry Townsend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1846: òyìnbó tí kò tíì gbọ́ èdè yóò sọ tirẹ̀, ògbufọ̀ yóò sọ ọ́ di ohun tí ará Ẹ̀gbá gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ inú yìí ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ètò, tó ń sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà yòówù tó bá bá ara rẹ̀ lórí ẹ̀.

Ó dáa. Bí ògbufọ̀ bá wá ṣubú lulẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò mọ ohun tó dé, ẹni tó ń gbọ́ ò mọ ohun tó dé. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ro èyí. Wọ́n kọ́ ọ pé bí òòyì bá ti kọ́ ọ, kó yára kọ ìwé sílẹ̀ kó tó ṣubú. Fáìlì ni ìwé náà. Orúkọ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hs_err_pid, nọ́ńbà kan á tẹ̀lé e. “hs” dúró fún HotSpot, orúkọ tí ògbufọ̀ Sun ń jẹ́ láti 1999. Iṣẹ́ ńlá ni kíkọ ìwé yẹn, torí pé ẹni tó ń ṣubú lọ ló ń kọ ọ́. Ìpele ìpele ló ń gbà á. Bí ìpele kan bá tún gbé e ṣubú, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ bí òun ti ń ròyìn ìjàǹbá, yóò sì fò lọ sí ìpele tó kàn. Ìgbà tí mo kà nípa èyí, àánú ẹ̀rọ náà ṣe mí.

Ìwé ìjàǹbá kì í ṣe ohun tuntun o. Èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn wà láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, 1947. Ní Yunifásítì Harvard, ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tó ń jẹ́ Mark II ń ṣe ségesège. Àwọn òṣìṣẹ́ tú u wò, wọ́n bá àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi téèpù lẹ àfòpiná náà mọ́ ojú ewé ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n kọ aago tí wọ́n rí i, 15:45, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i, ìyẹn rílé 70 ní pánẹ́ẹ̀lì F, wọ́n sì kọ ohun tó jẹ́. Ìwé náà wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lónìí. Ẹ wò ó dáadáa: ìgbà wà níbẹ̀, ibi wà níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́. Àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ló pa. Ṣùgbọ́n ó fi àpẹẹrẹ sílẹ̀ fún wa. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ì bá rí ojú ewé yẹn, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá bà á jẹ́? Àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e yára ju ojú lọ, kò sì sí àfòpiná tí a lè mú mọ́. Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ̀ sórí ìwé, nọ́ńbà lásán, ojú ewé lórí ojú ewé. Oníṣẹ́ á mú pẹ́ńsù, á máa wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Kò burú nígbà náà, torí pé ẹni tó ń ka ìwé yẹn sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ ètò náà tàbí tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Òǹkọ̀wé àti òǹkàwé ń gbé ilé kan náà. Ibi tí àṣà náà ti wá nìyẹn: ẹ̀rọ ń bá ẹni tó ṣe é sọ̀rọ̀.

Níhìn-ín ni mo ti rántí àrokò.

Kí ìwé kíkọ tó wọlé, àwọn baba wa, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti àwọn yòókù, a máa pàrokò ránṣẹ́ síra wọn. Charles Gollmer, òjíṣẹ́ CMS tó gbé láàárín wa, kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ẹyọ owó méjì tí a so kí wọ́n kọjú síra wọn, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà dé. Ẹyọ mẹ́fà, ẹfà nìyẹn: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó gbà á bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá a padà, ẹ̀jọ nìyẹn: àwa méjèèjì jọ ara wa, ọ̀rọ̀ wa jọ.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì nípa àrokò. Àkọ́kọ́, inú èdè ni ìtumọ̀ rẹ̀ ń gbé. Fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹyọ mẹ́fà ò ju ẹyọ mẹ́fà lọ. Á kàn ná an lọ́jà ni. Ìkejì, ẹni tí a fi rán kò nílò kó mọ ohun tó gbé dání. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú títì. Ìránṣẹ́ á gbé e, kò ní lè tú u, ẹni tó ni ín á gbà á, á sì yé e.

Ẹ wá wò ó bí ẹ̀rọ ṣe pàrokò. Nínú Java 1.4, tó jáde ní 2002, bí ògbufọ̀ náà bá dákú, ó lè kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan sílẹ̀ báyìí: 4F530E43505002EF. Ó sì máa ń ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Sun. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú pẹ́ńsù, mo tú u. Ìṣirò wọn ń ka mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún, bí tiwa ṣe ń ka ogún ogún. Nígbà tí nọ́ńbà bá tán lẹ́yìn 9, wọn á mú A, B, títí dé F. Méjì méjì ni ẹ ó gé e. 4F jẹ́ 79. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà: “o” kékeré jẹ́ 111. Ẹ yọ 32 kúrò, ó di 79. Ó ti bọ́ sí i! 53 jẹ́ 83, “s” ni. 0E jẹ́ 14, àmì ìdánudúró ni, torí 46 ni tirẹ̀ kí ẹ tó yọ 32. 43 jẹ́ “c”, 50 jẹ́ “p”, 50 tó kù tún jẹ́ “p”. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, 02EF, jẹ́ 751. Ẹ kó wọn pọ̀: fáìlì os.cpp, ìlà 751.

Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn! Ibi tí ó ti ṣubú ni ó ń sọ, bí ìwé àfòpiná ti sọ pánẹ́ẹ̀lì F. Wọ́n kàn fi ìbòrí bò ó ni. Ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ìránṣẹ́ lásán ló jẹ́. Wọ́n fi àrokò rán an, wọn ò fi ìtumọ̀ rán an. Ní 2006, Sun kéde pé àwọn máa ṣí ìwé ìpìlẹ̀ Java sílẹ̀ fún gbogbo ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jáde ní 2007. Nínú àwọn ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn náà, ìbòrí yẹn kúrò: orúkọ fáìlì àti ìlà rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ ka á.

Àtúnṣe mìíràn tún ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan. Ní Java 5, ti 2004, ohun tí ìlà àkọ́kọ́ ń sọ ni pé ògbufọ̀ rí àṣìṣe kan tí òun ò retí: “unexpected error”. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n yí i sí “fatal error”. Lójú tèmi, ìyípadà yẹn ní ire àti ibi nínú. Ire rẹ̀ ni pé “unexpected” ò sọ nǹkankan fún ẹni tó ń kà á. Ta ló ń retí àṣìṣe tẹ́lẹ̀? “Fatal” sọ ní tààrà pé iṣẹ́ náà ò lè tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí ojú títì Ṣàngó sí Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá ní “fatal” ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa mọ̀ pé òkú sùn. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu ju ìyẹn lọ. Ẹni tó kú, ó lọ nìyẹn. Ẹni tó dákú, a ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, a ń da omi sí i lójú, ó sì lè jí. Ẹ̀rọ tí ẹ lè tún tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kò kú, ó dákú ni.

Wọ́n tún fi ìlà kan kún un tí mo fẹ́ràn. Bí ìjàǹbá náà bá ti ìta wá, tí kì í ṣe ọwọ́ ògbufọ̀ ló ti wá, ìwé náà á sọ pé ìta ló ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ wo ìlà báyìí láti mọ ẹni tí ẹ ó gbé ẹjọ́ lọ bá. Ìyẹn ni pé ó ń sọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ẹ kàn. Ẹ wo bí ìlà kan ṣoṣo ṣe lè gba ẹni tí kò jẹ̀bi sílẹ̀.

Èyí tó tún sún mọ́ wa wáyé ní oṣù Kẹta 2020, nínú JDK 14. Kì í ṣe ìdákú ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ni tibí. Ẹni tó ń túmọ̀ fún ló kọsẹ̀. Àṣìṣe kan wà tí gbogbo oníṣẹ́ Java mọ̀, NullPointerException. Ó dà bí ẹni tó na ọwọ́ sí àpò ẹ̀wù, tí kò sí àpò lára ẹ̀wù náà. Tẹ́lẹ̀, ìlà tí ó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Bí ìlà náà bá ní kó mú ọmọ ẹgbẹ́, kó mú àkáǹtì rẹ̀, kó mú gbèsè inú àkáǹtì náà, èwo nínú wọn ni kò sí? Ẹ lọ máa méfò. Iléeṣẹ́ SAP ti Jámánì ti ń sọ èyí tó ṣófo lórúkọ nínú ògbufọ̀ tiwọn láti 2006. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ló tó wọ ti gbogbogbò. Ọdún mẹ́rìnlá, kí gbólóhùn kan ṣoṣo lè yé ènìyàn!

Àmọ́ ṣá o, wọn ò ṣí i fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. JDK 14 tì í, ẹni tó bá fẹ́ ni kó ṣí i. JDK 15 ló wá ṣí i sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rò ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ṣe kedere jù lè tú àṣírí sí etí ẹni tí kò yẹ. Òótọ́ ni. Ìwé ìdákú náà ń kọ orúkọ fódà, ó ń kọ àṣẹ tí ẹ fi tan ètò, ó sì ń sọ irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò. Kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà. Àwọn baba wa mọ èyí kí Sun tó dé: àrokò tó dáa, ó yé ẹni tó ni ín, ó pamọ́ fún ẹni tí kò ni ín. Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ló ni ín?

Èsì tèmi rèé. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ètò wà ní yàrá kejì. Ní Wásinmi, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ ju àǹtí mi, Bàbá Alága, àti Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀rọ ń pè ní ìránṣẹ́, òun náà ni olówó, òun náà ni onílé. Òun ló yẹ kí ìlà àkọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí nọ́ńbà àti ìlà fáìlì wà nísàlẹ̀ fún oníṣẹ́.

A ò sì ní láti lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1859, Townsend tẹ ìwé ìròyìn kan jáde ní Abẹ́òkúta níbí, ní èdè Yorùbá. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Kí ẹ tó ṣí i, ó ti dárúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ, láti ayé mẹ́mórì orí bébà títí di òní, kò tíì dárúkọ òǹkàwé rẹ̀ rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo bẹ Bàbá Alága kó jẹ́ kí n wo kọ̀ǹpútà náà níṣojú rẹ̀. Mo rí fáìlì hs_err_pid náà. Mo ṣí i. Ohun gbogbo tí a nílò wà níbẹ̀! Àwọn ìlà díẹ̀ tó wà lójú fèrèsé dúdú ò sọ ọ́, inú fáìlì ni wọ́n kó o sí: ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, àti ohun tí a lè ṣe sí i. Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ti kún. Ẹ dín ẹrù rẹ̀ kù, tàbí kí ẹ fi kún mẹ́mórì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun má kọ ìwé náà parí. Oògùn wà nínú ilé, aláìsàn ń kérora lójúde.

Ta ló wá di ẹrù lé e lórí? Mo wo àwọn ohun tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà náà. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún, fíìmù kan tó ń wọlé lọ́wọ́. Ara mi bù máṣọ. Èmi ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí àwọn ìyá tó dé, èmi ni mo ń ka ìwé fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, tí mo sì ń gba fíìmù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò pa wọ́n. Wọ́n ń fi ojú olè wo àǹtí mi nítorí fíìmù.

Mo sọ fún Bàbá Alága níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo tún un sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mi ò pe “ìrántí” mọ́. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, kọ̀ǹpútà ní tábìlì, ó sì ní àpótí. Àpótí ni ó ń kó owó yín pamọ́ sí. Orí tábìlì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo kó ẹrù tèmi kún orí tábìlì, iṣẹ́ yín ò rí àyè, ó ṣubú. Àpótí wà ní títì.” Wọ́n kó ìwé rìsíìtì jáde, wọ́n fi wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ lẹ́yìn orúkọ. Gbogbo rẹ̀ pé, àfi ti Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, tí àǹtí mi ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Wọ́n tún un tẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló gba owó rẹ̀, ó ku ọjọ́ kan.

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún àǹtí mi. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó bá mi ṣàwàdà. Mi ò dá a lẹ́bi.

Kí n tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo kọ bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà náà. Ohun tí mo kọ rèé:

“Bí ojú ẹ̀rọ bá di dúdú tí ẹ rí ‘insufficient memory’: Ẹ̀rọ dákú ni, kò kú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Orí tábìlì rẹ̀ ló kún. Ohun tí a ti tọ́jú wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ tún wò. Ẹ pa gbogbo ohun mìíràn tó ṣí, kí ẹ tún ètò náà tàn. Bí ó bá tún dákú, ẹ pe ẹni tó ṣe é, kí ẹ fi fáìlì hs_err_pid ránṣẹ́ sí òun nìkan.”

Bàbá Alága wọ gíláàsì, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Gbogbo ohun tó ń sọ lọ́jọ́ yẹn náà nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló wá dé tí ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”